Omi Èèpo Igbá Lára Ìkòkò Fúmíkò

Alihamudulilahi. Mo lè jókòó báyìí kí n sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbé oúnjẹ mì, Mìsítúrà ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀rẹ́ kan ni mo ní ní àdúgbò wa ní Peckham. Ará Jàpáànù ni, Fúmíkò lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Màmá Fúmíkò. Èmi ní tèmi, Fúmíkò lásán ni mo ń pè é, torí a kò tíì mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló dàgbà jù. Bí mo bá sọ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, á tọ́ka sí irun funfun tó wà lórí rẹ̀. Èmi náà á ká ìborùn mi sókè díẹ̀ kó rí tèmi. Ibẹ̀ la máa ń bá ìjà náà dé, kò sì sẹ́ni tó tíì borí.

Ìkòkò ni Fúmíkò ń mọ. Abẹ́ afárá rélùwéè ni ibi iṣẹ́ wọn wà, òun àti àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan ló jọ ń lo ààrò oníná mànàmáná kan. Ibi tí kánsù ti máa ń kó àwa àgbà jọ láti mu tíì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan ó gbé amọ̀ wá, ó ní kí gbogbo wa fọwọ́ kàn án. Àwọn yòókù ń fi ṣe ejò, wọ́n ń fi ṣe ẹyin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi gbé tèmi sí imú, omi sì bọ́ lójú mi. Òórùn àgbàlá ìyá ìyá mi ní Ìlọrin ni, níbi tí àwọn obìnrin ilé wa ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Fúmíkò rí omi ojú náà. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, tèmi kò pọ̀, a sì ń bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà wa. Ó ń tiro, ó gbé nǹkan kan mọ́ra tó fi táwẹ́ẹ̀lì dì bí ọmọ tuntun. Ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell ti pè é pé àyè ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí rẹ̀, pé kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkòkò òdòdó ni. Ó ga, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣan ẹ̀fọ́, àwọ̀ ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kò ní àbàwọ́n kankan.

Fúmíkò ní, "Ìgbẹ̀yìn nìyí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Wọ́n ń gbọ̀n. Ó ní òun kò ní lè mọ òmíràn mọ́. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Jàpáànù, kí wọ́n gbé e síwájú àwòrán bàbá àwọn, kí òdòdó máa wà nínú rẹ̀. Bàbá náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Inú ààrò ló ti yọ ọ́ lánàá, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ lábẹ́ afárá, torí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, bí wọ́n bá yíjú báyìí, nǹkan á ti fọ́.

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tọ́ka sí etí ara rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ilẹ̀kùn lífítì ti ń pa dé mọ́ ọn, awakọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ sì ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́. Mo ní, "Yes, yes." Ẹ mọ àwa náà: ohun tí a gbọ́, yes, ohun tí a kò gbọ́, yes.

Mo gbé ìkòkò náà sórí tábìlì ní pálọ̀, mo sì pè é lórúkọ tó ń jẹ́: àmánà. Ẹni tí wọ́n bá gbé àmánà fún, bí wọ́n ṣe gbé e fún un ni kó ṣe dá a padà. Kò sí àlàyé níbẹ̀.

Mo ń kírun Ayílà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Tín-ín. Mo rò pé fóònù ni. Mo sálámà, mo wo fóònù, kò sí nǹkan kan. Ó tún dún. Tín-ín. Ìkòkò yẹn ni.

Àárín ìgbà náà ni Aunty Rosaline tó ń gbé nísàlẹ̀ wa wọlé, ó wá dá abọ́ mi padà. Ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni, èèyàn dáadáa ni. Ó dúró gbagidi.

"Ìyá Mìsítúrà, ta ló ń lu agogo?"

"Ìkòkò yìí ni."

"Ìkòkò wo ló máa ń lu agogo fúnra ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ jẹ́ ká dè é!"

"Rosaline, bóo bá fẹ́ dè é, sọ̀ kalẹ̀ lọ dè é látilé ẹ. Má dè é lójú mi níbí kó má lọ fọ́."

"Ma, màá gbàdúrà láti ìsàlẹ̀." Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ, kò tilẹ̀ dúró kí n dúpẹ́.

Èmi kò bẹ̀rù ẹ̀mí àìrí. Ohun tó bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Mo gbé ojú mi súnmọ́ ìkòkò náà, mo sì rí i: ilà tín-ín-rín, bí irun ọmọ jòjòló, ń yọ lábẹ́ dídán yẹn. Bó bá ti dún, ilà mìíràn á yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé wa. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá fi igi gígùn fa ìkòkò jáde láti inú iná, tó ṣì ń pọ́n, àwa ọmọdé la máa ń fi ìdì ewé wọ́n omi sí i lára. Kì í ṣe omi lásán. Omi èèpo igbá ni, igi tí wọ́n ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú. Wọ́n á se èèpo èso náà títí omi rẹ̀ á fi pọ́n, á sì ṣú. Ìkòkò tó bá mu ún, ara rẹ̀ á dí, kò ní jò. Bí ọ̀kan bá wá ń dún tín-ín nílẹ̀ níbi tó wà, ìyá ìyá mi á pariwo: "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́! Ẹ tètè fún un lómi kó tó là!" Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré. Mi ò mọ ìkòkò mọ, kí n má purọ́. Wọ́n ti fẹ́ mi lọ sí Èkó kí n tó dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní mímọ rẹ̀. Iṣẹ́ omi yẹn nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ wá wò ó. Ìkòkò ọ̀rẹ́ mi ń dún lójú mi, ó ń là lójú mi, òun sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sibítù. Kí ni kí n ṣe? Àbúrò mi Àmínát ti fi èèpo igbá ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin nítorí eyín tó ń dùn mí, kí n máa fi omi rẹ̀ yọ́ ẹnu. Mo kó o síná. Mo sè é títí gbogbo ilé fi ń run. Mo dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ìkòkò náà ti tutù, mi ò fẹ́ kí ooru ta á. Mo gbé e sínú bẹ́sínì, mo ń bu omi náà dà á lára, mo ń fi àkísà pa á. Ẹ̀gbẹ́ kan wà tí ilà pọ̀ sí, mo pa ibẹ̀ dáadáa. Ó dún, ó dún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo ní, "Ó tó o. O ti mu."

Mo fi aṣọ mímọ́ nù ún. Háà!

Gbogbo ilà tí mo rí àti èyí tí mi ò rí ló ti mu omi igbá. Wọ́n ti pọ́n rúsúrúsú, wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja láti ìdí dé èjìká rẹ̀. Ìkòkò tó ń dán láìní àbàwọ́n láàárọ̀ ti dà bí ẹ̀yìn ọwọ́ èmi arúgbó.

Mìsítúrà ti ibi shift rẹ̀ dé. Àwọn àgbà tí kò lè dá ṣe nǹkan ló ń tọ́jú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Mummy, òórùn kí ni yìí?" Ó rí ìkòkò. "Yéè! Mummy, kí lẹ fi kun nǹkan onínǹkan?"

"Mi ò kùn ún. Ó ń là ni mo ṣe fún un lómi."

"Ẹ fún un lómi kẹ̀? Mummy, ìkòkò òdòdó ni, kì í ṣe ewúrẹ́!"

Nusaybah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní college, jáde láti yàrá. Ó wo ìkòkò, ó wo fóònù rẹ̀, ó tún wo ìkòkò. Ó ní, "Grandma, it's cooked. I swear, ó ti cooked."

"Mi ò sè é o! Omi ni mo sè!"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Grandma. Cooked, bí i pé ó ti bàjẹ́."

"Kí ló dé tóo wá ní mo sè é?"

"Nusaybah, dákẹ́," ìyá rẹ̀ wí. Ó ti ká apá aṣọ sókè. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó wá ń wá bílíìṣì lábẹ́ síńkì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mìsítúrà, fi sílẹ̀. Ìbàjẹ́ kan ti tó. Bí a bá fi bílíìṣì kún un, a ò ní mọ èyí tí a máa bẹ̀bẹ̀ fún."

A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń wò ó. Nusaybah ní, ó rọra sọ ọ́, "Grandma, ẹ kàn sọ pé bó ṣe wà nìyẹn. She's old, kò lè notice."

"Àgbà ni èmi náà. Ṣé èmi kì í rí nǹkan ni?"

"Sorry, Grandma."

"Nǹkan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ! Bí wọ́n bá pààrọ̀ ìyá rẹ fún mi lókùnkùn, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bó bá jẹ́ abọ́ tíì ló bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, á mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn hàn mí. Èyí ni ìgbẹ̀yìn, ti bàbá rẹ̀ ni, èmi sì ti fi omi eyín mi bà á jẹ́. Mo ń dìde ní Àsùbáà, mo ń kírun, bí mo bá ti parí, ìkòkò náà ni ojú mi ń lọ sí.

A lọ kí i lọ́sibítù. Bọ́ọ̀sì kún, Mìsítúrà di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ sí mi létí pé, "Mummy, ẹ sọ fún un lónìí kó tán." Mo ní màá sọ ọ́. A débẹ̀, Fúmíkò dùbúlẹ̀, ó rù, ojú rẹ̀ ti wọnú lọ. Ìrora ṣì wà lára rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìkòkò ńkọ́?" ó wí.

Mo ní, "Ó wà nílé."

"Nílé, dáadáa?"

"Ilé wà dáadáa."

Mìsítúrà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ilé wà dáadáa, kò sí ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹni tí kò tíì lè jókòó. Mo bó ọsàn fún un, a sì padà.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sinmi. Mo gbọ́ ìró irin tó fi ń rìn lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, tó, tó, tó, mo sì mọ̀ pé ó ti dé. Nusaybah gbé àga fún un. Mìsítúrà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo ti fi táwẹ́ẹ̀lì bo ìkòkò náà. Mo dúró níwájú Fúmíkò bí ọmọ iléèwé.

Mo ní, "Fúmíkò, sọ́rì. Ó ń dún. Mo rò pé ó ń là. Mo fi omi wẹ̀ ẹ́, àwọ̀ omi náà kò sì lọ mọ́. Èmi ni. Kì í ṣe àwọn ọmọ. Èmi."

Mo ká táwẹ́ẹ̀lì náà kúrò.

Fúmíkò fi ọwọ́ fa ìkòkò náà súnmọ́ra. Ó yí i díẹ̀, ó tún yí i. Ó fi ìka tẹ̀ lé ilà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè kà níbẹ̀. Mo ń ka Lá-ìláhà nínú.

Ó ní, "Omi kí ni?"

Mo sáré mú ọ̀rá èèpo igbá wá. Ó mú ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dá a sí méjì. Ó wá fi sí orí ahọ́n. Ojú rẹ̀ kákò bí ti ẹni tó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú jẹ. Lójijì ó na ìka sókè, ó pariwo:

"Ṣíbù!"

Mo ní, "Háà, ṣíbí! Mìsítúrà, ó fẹ́ ṣíbí!" Mo rò pé ó fẹ́ fi ha á kúrò ni. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo mú ṣíbí tíì wá fún un.

Ó wo ṣíbí, ó mi orí. "Ṣíbù! Ṣíbù!"

Mo ní èyí kéré. Mo sáré padà, mo mú ti ọbẹ̀ wá. Ó tún mi orí, ó na èèpo igbá sí mi lójú, "Ṣí-bù!" Mo ní, irú ṣíbí wo lẹni yìí ń fẹ́ gan-an? Mo padà lọ, mo gbé ìgbákọ tí mo fi ń yọ ọkà wá, mo fi lé e lọ́wọ́.

Fúmíkò wo ìgbákọ. Ó wo ṣíbí méjì tó wà lórí tábìlì. Ó wò mí, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó ń ké pé ó ń dun òun, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti gbé Nusaybah ṣubú sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró, tí mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Nusaybah ló wá gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí Fúmíkò bá a sọ èdè wọn, fóònù á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, òun náà á sì sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá tirẹ̀ tó máa ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fúmíkò sọ̀rọ̀ pẹ́.

Nusaybah ní, "Grandma, ṣíbù kì í ṣe ṣíbí o. Ó jẹ́ ìtọ́wò. Nǹkan tó máa ń fún ẹnu pọ̀, like orógbó yín yẹn. Ó ní bàbá òun máa ń se èèpo èso igi kan ní ilé wọn. Tóṣì, nǹkan báyìí. Òun ló máa ń lọ ṣà á nígbà tó wà ní kékeré. Tí ìkòkò bá jáde nínú iná, ó máa ń crackle, ó máa ń dún for days. Wọ́n á wá fi omi yẹn sí i, kí àwọn ilà lè mu ún, kí wọ́n lè hàn."

"Kí wọ́n lè hàn kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Grandma. Wọ́n fẹ́ kó hàn. Ó ní èyí tí ẹ gbé sílé yìí, kò tíì parí ni. Òun fẹ́ fi íńkì ṣe é tí òun bá dé, ṣùgbọ́n àwọ̀ íńkì kì í jọ ti bàbá òun. Ó ní èyí jọ ọ́."

Fúmíkò tọ́ka sí etí rẹ̀, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí lífítì ń pa dé mọ́ ọn. Ó rọra sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí: ó máa kọrin, má bẹ̀rù.

Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí mo wà, pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́. Mo ní Alihamudulilahi, mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí mi. Mìsítúrà wá gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó ń sọ pé, "Mummy, ẹ ti pa mí tán nínú ilé yìí."

Ṣùgbọ́n Fúmíkò kì í ṣe ẹni tó ń yìn èèyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti gbé jígí sójú, ó ń yẹ ìkòkò náà wò. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ tí mo pa jù.

"Ibí yìí pọ̀ jù," ó wí. "Á kọjú sí ògiri." Ó fi ìka kan ọrùn ìkòkò náà. "Ibí yìí, kò sí nǹkan kan. Ọ̀lẹ."

"Ta lọ̀lẹ? Èmi tí mo sè é títí gbogbo ilé fi ń run!"

"Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Àbúrò ni."

"Ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ fi ìkòkò gba ipò ẹ̀gbọ́n!" Mo dìde.

Èèpo igbá ṣì kù nínú ọ̀rá. A gbé e kaná. Fúmíkò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń tọ́ omi náà wò lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ní kò tíì tó, èmi ń ní ó ti tó, ó ń ní kò tíì tó. Nígbà tó tó, a bu ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì tó jìn, kí ó lè bo ọrùn ìkòkò náà. Ọ̀rọ̀ gbígbé e sínú rẹ̀ ló kù. Ọwọ́ Fúmíkò ń gbọ̀n. Ọwọ́ tèmi náà, mi ò ní tan yín, ń gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ, ayọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó di ìdí ìkòkò náà mú, mo di èjìká rẹ̀ mú.

Mìsítúrà sáré wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, Mummy, Màmá Fúmíkò, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, kó má bọ́!"

Àwa méjèèjì yíjú sí i pọ̀. Fúmíkò fi èdè Jàpáànù kígbe, èmi fi Yorùbá kígbe, ohun kan náà sì ni: kó lọ jókòó.

Ó lọ jókòó.